Rélùwéè Orí Tábìlì

Kábà kò ní rélùwéè, kò sì ní iná mànàmáná. Èyí kò dí bàbá mi lọ́wọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó sì padà wálé láti ilẹ̀ Hausa, ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kan ló gbé bọ̀, èyí tí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ. Ó to irin rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun wa, ó so ó mọ́ bátìrì lọ́rì, àwa sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lórí ẹní.

Iṣẹ́ àmì ni bàbá mi ṣe ní rélùwéè: òun ló ń sọ fún ọkọ̀ pé kó dúró tàbí kó kọjá. Nítorí iṣẹ́ yìí ni kò ṣe wálé wá sin bàbá tirẹ̀. Kò rí ẹni tó lè bá a di ipò rẹ̀ mú níbi iṣẹ́. Nílé wa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí sàréè baba. Wọ́n retí rẹ̀ títí, àbúrò rẹ̀ ló dà á nígbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, kò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un mọ́, kódà nígbà tó fẹ̀yìn tì. Èmi ló ń rán. Mo ti di tíṣà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwo iyán kò mọ tíṣà.

Bàbá mi ní ìròyìn kò tó àfojúbà: bí Ìyé bá rí iṣẹ́ náà, yóò dárí ji òun. Àmọ́ irin rẹ̀ kò tó láti yípo, etí tábìlì ló ń tán sí. Ó gé agolo mílíìkì, ó fi ṣe ọ̀pá kékeré sí ìkángun méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá ti kọlu ọ̀pá, wáyà á pààrọ̀ ara wọn, ọkọ̀ á sì fẹ̀yìn rìn padà. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é. Ọkọ̀ ṣubú títí imú rẹ̀ fi wọnú.

Ó wá pe Ìyé. “Okun o, Ìyé,” ó kí i. Ìyé jókòó kó tó dáhùn. Ọkọ̀ lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Bàbá mi káwọ́ sẹ́yìn kí Ìyé lè rí i pé òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ibẹ̀ ló ti ṣìṣe.

“Ta ló ń dá a padà?”

“Kò sẹ́ni, Ìyé. Agolo mílíìkì ni.”

Ìyé wo agolo, ó wo ọmọ rẹ̀. “Agolo lè ṣe é,” ó ní, “o sì jẹ́ kí àbúrò rẹ da erùpẹ̀ lé baba rẹ.”

Ó dìde, ó jáde. Àánú bàbá mi ṣe mí débi pé inú bí mi sí i.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, bàbá mi yọ àwọn ọ̀pá náà kúrò. Ó jókòó ti tábìlì, wáyà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Bí ọkọ̀ bá dé etí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pààrọ̀ wọn. Lọ́sàn-án, Ìyé pè mí láti ilé ìdáná pé kí n wá gbé oúnjẹ. Mo ní mò ń fọṣọ. N kò fọ nǹkan kan. Ó wá pe bàbá mi fúnra rẹ̀.

“N kò lè dìde, Ìyé. Ọkọ̀ á ṣubú.”

Ìyé gbé àwo wọlé, ó dúró wò ó. Ọkọ̀ dé etí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bàbá mi dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“Ti ilẹ̀ Hausa lọ́hùn-ún, ṣé èèyàn máa ń wà nínú rẹ̀?”

“Ó máa ń kún.”

Ìyé bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀. “Lanu,” ó ní. Bàbá mi lanu, kò sì fi wáyà sílẹ̀.