Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Ka Ọmọ Ní Ìjẹmọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ ná, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín. Ayọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kí n lè jókòó! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Àbúrò ọkọ mi ti gbọ́ ọ títí, ó ní bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, òun á gba oko lọ, òun á máa bá ẹ̀gẹ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ó ti pẹ́ tó lọ débi pé bí mo bá fẹ́ rántí ohùn rẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ dákẹ́. Ohun tó ní níbẹ̀ ò lè bọ́ ẹni méjì, nítorí náà àfi kí èmi náà ríṣẹ́ kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Iṣẹ́ wo ni mo mọ̀? Iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ ni! Mo kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì míṣọ́ọ̀nù ní Abẹ́òkúta níbí, wọ́n fún mi ní sàtífíkéètì, mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀. Ilé ìtọ́jú ọmọdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní àwọn fẹ́ mi.

Àfi bí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà ní Èkó ṣe ní àwọn ò mọ sàtífíkéètì Abẹ́òkúta. Ẹ gbọ́ o! Èmi tí mo ti wẹ ọmọ tó ti di akọ̀wé ìjọba báyìí! Wọ́n ní sàtífíkéètì mi ò ní já mọ́ nǹkan kan lọ́hùn-ún, àyàfi bí òyìnbó obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà bá wá fi ojú ara rẹ̀ wò mí lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá fọwọ́ sí i, mo lọ bá ọkọ mi. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kí n máa bá gíláàsì ara ògiri gbé.

Òyìnbó náà dé. Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ ti kọ́kọ́ dúró pẹ́ ní Wásinmi, nígbà tó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Láfẹ́ńwá, eruku ti sọ fìlà funfun rẹ̀ di pupa. Mísìsì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ga, ó gbẹ, ẹ̀rín ò sì yá a lẹ́nu. Ó kí mi ní Yorùbá pé "Ẹ kú àárọ̀", ọ̀sán sì ti pọ́n gan-an. Mo dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi tún òyìnbó tó fẹ́ dán mi wò kọ́ ní ìkíni?

Ilé tí mo ti ń tọ́jú ọmọ ní Ìjẹmọ̀, ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà àwọn aláró ló wà. Àwọn ìyá tó ń rẹ aṣọ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè mí ní Tíṣà, ló máa ń kó ọmọ wọn fún mi, kí wọ́n má baà sún mọ́ ìkòkò aró. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, taa ló ṣiṣẹ́? Gbogbo wọn ló jókòó síta, ọwọ́ wọn dúdú minimini, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Ìyá Sàfù ni olórí wọn. Ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn, Àyìnlá, wà lọ́dọ̀ mi. Ẹnu Ìyá Sàfù yìí, bí ẹ bá gbé e sí ọjà Òwu, ẹ ó gbọ́ ọ délé.

Mísìsì ní kí n wẹ ọmọ ọwọ́ kan. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo ti gbé e sókè tán kí n jù ú sínú afẹ́fẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, ni mo bá rí ojú Mísìsì! Kíá ni mo sọ ọmọ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí tówẹ̀lì.

Ìyá Sàfù pòṣé. "Tíṣà, ẹyin lẹ̀ ń wẹ̀ ni, àbí ọmọ?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo fún ọmọ lóúnjẹ, mo pa á lẹ́kún, mo tẹ́ ẹ sùn. Gbogbo rẹ̀ ni Mísìsì ń mi orí sí. Inú mi ń dùn ṣìnkìn!

Lẹ́yìn náà ló ní kí n kó àwọn tó ti ń rìn lọ sábẹ́ igi odán, kí n jẹ́ kí wọ́n ṣeré, kí n sì kó wọn padà wọlé. Mo kó wọn lọ, mo kó wọn bọ̀. Mísìsì ti mú páálí bísíkíìtì kan wá láti Èkó, ó ṣí i, ó pín in kárí. Àwọn ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ló bá ní, "Ó yá, ka orí wọn."

Ẹ wo wàhálà! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́kọ̀ọ̀kan kó máa kà wọ́n bí ẹni ka iṣu. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù! Mo na ìka, mo ní, "Ọ̀kan..."

"Háà! Tíṣà!" Ìyá Sàfù ti dìde. "Ta lẹ̀ ń kà? Ṣé adìẹ ọjà ni wọ́n ni? Ẹ má ka ọmọ mi o!"

Àwọn yòókù náà dìde, wọ́n ń tún ìró wọn ró, wọ́n ní bí mo bá tún sọ pé èjì, àwọn á pọn ọmọ àwọn, ó di ilé. Mo yára ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Mísìsì. Kò bínú. Ó sọ fún mi pé nígbà ogun nílùú wọn, bí bọ́ǹbù bá fẹ́ já, àwọn a sáré kó ọmọ lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, olùtọ́jú tí kò bá sì ka ọmọ rẹ̀ lè fi ọ̀kan sílẹ̀ sókè. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lè ka ọmọ, òun ò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Bí mo bá kà, kò ní sí ọmọ nílẹ̀ mọ́. Bí n kò bá kà, kò sí Lọ́ńdọ̀nù.

Mísìsì fúnra rẹ̀ wá fi ojú ka àwọn ọmọ láìna ìka. Ó ní méjìlá ló jáde, méjìlá náà ló wọlé, wọ́n pé. Ó yọ pẹ́ńsùlù, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò lè ka ọmọ. Mo ní, "Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi yẹ̀ wọ́n wò."

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì wọn pè wọ́n.

"Àṣàkẹ́!" "Maa!"

"Àkànní!" "Maa!"

"Àmọ̀kẹ́!" Èyí ò dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ojú pamọ́ bó ti máa ń ṣe. Mo ń pè wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, ilé ń dùn, àwọn ìyá ti ń pàtẹ́wọ́.

"Àyìnlá!"

Kò sí ohùn. "Àyìnlá ọmọ Ìyá Sàfù!" Kò sí ohùn. Mo wá wo bẹ́ǹṣì dáadáa. Ta ni mo rí ní ìparí, tí bísíkíìtì kún ẹnu rẹ̀? Ọmọ ìyá alákàrà tó wà ní òdìkejì títì! Bó ṣe gbóòórùn bísíkíìtì ló ti tọ̀ wá wọlé. Méjìlá pé lóòótọ́. Àwọn tó yẹ kó pé ni ò pé!

Mo lọgun. Ìyá Sàfù gbá àyà mú. Ẹ̀rù kànga bà mí, ti ìkòkò aró sì bà mí jù. A sáré tú síta. Mísìsì náà ń sáré, fìlà rẹ̀ já bọ́, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. A wo kànga, ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. A ń wo ìkòkò aró lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mísìsì ló rí i! Inú ògbólógbòó ìkòkò kan tó ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbẹ gan-an, ni Àyìnlá wọ̀ tó sùn fọnfọn. Ìdọ̀tí aró ti kùn ún láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mísìsì gbé e jáde, ó gbá a mọ́ra, aró gba gbogbo aṣọ funfun rẹ̀. Ọmọ lajú, ó rí òyìnbó, ló bá fi igbe ta!

Ìyá Sàfù gba ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá mọ ohun tó sọ fún mi? "Tíṣà, ẹ kà wọ́n! Ẹ kà wọ́n, kí ẹ tún wọn kà!"

Mísìsì ní kí n túmọ̀ ohun tó sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ló bá ní rárá o, kí n máa fi orúkọ pè wọ́n! Àwa méjèèjì wo ara wa, ẹ̀rín pa wá. Òyìnbó tí mo ní ẹ̀rín ò yá lẹ́nu, ẹ̀rín náà pọ̀ tó fi ní láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ.

Nígbà tó sinmi, ó bi mí léèrè: àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí kò ní oríkì, báwo ni màá ṣe mọ̀ wọ́n? Mo ní bí mo bá débẹ̀, màá fún kálukú ní tirẹ̀, lẹ́yìn náà màá kà wọ́n bí òfin wọn ti wí. Ó ní ìyẹn dáa. Ó fọwọ́ sí i! Ẹ bá mi yọ̀! Sàtífíkéètì Abẹ́òkúta ti wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ yín lọ sílẹ̀ òkèèrè, ẹ kọ́ tiwọn níbẹ̀, kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ju ti ilé nù kí ẹ tó wọkọ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan á fojú fo ohun tí èkejì máa rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá iṣẹ́ yín lọ sí Gold Coast, Fernando Po tàbí Ìlú Ọba ńkọ́? Kí ni wọ́n ní kí ẹ ṣe kí wọ́n tó gbà pé ẹ mọ iṣẹ́? Ẹ kọ ọ́ wá kí a jọ rẹ́rìn-ín. Kí ẹ sì bá mi dáhùn ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́: ṣé òótọ́ ni pé ọmọ ọwọ́ ń dá sùn ní yàrá tirẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ìyá wà ní yàrá mìíràn? Bí irú wọn bá jí lójijì, ta ni wọ́n ń rí? Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ bá mi sọ fún ọkọ̀ ojú omi kó yára. Mo ti ń kánjú dé ọ̀dọ̀ wọn!