Ẹ̀tù tí Mo Dà Lẹ́ẹ̀mejì

Òórùn ẹ̀tù ìbọn jọ òórùn ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu fẹ́ pa. Ó máa ń há síhò imú. Yàrá ẹ̀yìn ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní Fọlá Àgòrò, ni mo ti mọ òórùn yẹn. Ibẹ̀ náà ni mo ti hùwà òmùgọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí: mo ń da ẹ̀tù sínú kátírìjì, èèpo ọta ìbọn, láìwò ó. Mo kọjú sí ògiri, mo na ọwọ́ jìnnà bí ẹni tó ń fún ajá dìgbòlugi lóúnjẹ, mo sì ń dà á. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Èmi tí mo máa ń wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ tí àwọn ọmọ bá ta bángà lásìkò ọdún, kí ni mo ń wá nídìí ẹ̀tù?

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi débẹ̀. Kápẹ́ńtà ni, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọdẹ sì ni bàbá rẹ̀. Ìbọn bàbá yẹn ló jogún, òun ló sì máa ń gbé wọgbó tó bá lọ sílé. Kátírìjì tuntun ti di ọ̀wọ́n, nítorí náà ó máa ń ṣa èèpo àwọn tó ti yìn jọ, á sì tún wọn kì. Èmi, tí mò ń gé pépà nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ni mo máa ń bá a gé páálí róbótó tí wọ́n fi ń la àárín ẹ̀tù àti ọta. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ọdẹ nìyẹn, tí n kò mọ ọ̀nà igbó.

Ó kọ́ mi dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ife bàbà kékeré kan ló fi ń wọn ẹ̀tù. Ó ní, "Àbúrò, má rò pé bí ẹ̀tù bá ṣe pọ̀ tó ni ọta á ṣe yára tó. Agbára irin níbi tó mọ. Tí ooru inú ẹ̀ bá ti ju ohun tí irin lè gbà, kò ní tẹ̀lé ọta lọ mọ́, ìwọ tó gbé e dání ló máa yà sí." Òfin rẹ̀ kejì ni pé ẹni tó ń ki ẹ̀tù kì í dáhùn, bí ìyá rẹ̀ tó ti kú bá tilẹ̀ ń pè é.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo dáhùn. Oníbàárà kan ló pè mí lórí fóònù, ó ń pariwo pé àwọ̀ ewé tó wà lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ti di àwọ̀ ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo pa fóònù. Ìgbà tí mo padà sídìí iṣẹ́, n kò mọ̀ mọ́ bóyá mo ti da ẹ̀tù sí èyí tó wà níwájú mi. Kí n bẹ ojú wo inú rẹ̀? Ó lè bú gbàù mọ́ mi lójú! Kí n pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi? Ó wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Ojú tì mí. Mo rò ó pé tí kátírìjì tí mo kì kò bá dún níwájú ẹran, wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yí po. Mo da ife kan sí i. Nígbà tí ọta kò fẹ́ wọlé tán, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé e sínú. Mo máa tẹ nọ́ńbà ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo máa pa á kó tó dún. Ó lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Mọ́ńdè, wọ́n ti gbé e dé ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, ìbọn ti bú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta ti lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ tí kápẹ́ńtà fi ń di ìṣó mú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí ló fà á. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní, "Ìbọn yẹn ti gbó jù." Gbogbo wọn mirí. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣépè fún ìbọn, tó sì ń bínú sí òkú bàbá tó fi í sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ rẹ̀ ní ní Ladi-Lak di ti ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti máa ń rò pé ìbọn ni mo bẹ̀rù jù láyé. Irọ́ ni. Kí wọ́n má fi mí rẹ́rìn-ín ni mo bẹ̀rù jù, n kò sì mọ̀ pé ìyẹn lè gé ènìyàn níka. Ìbọn tí n kò sí níbẹ̀ nígbà tó dún, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó lè sọ ọ́. Mo bá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi orúnkún di ẹsẹ̀ àga kan mú, ó ń fi sáńpépà ha á.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni. Mo da ẹ̀tù yẹn lẹ́ẹ̀mejì."

Kò dúró. "Ṣé o mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo fura, sà."

"Pálọ̀ ni mo wà."

"Ojú ló tì mí."

Ó fẹ́ eruku kúrò lára igi náà. "À bá kàn tú u dànù ni. Ọwọ́ ti lọ, n kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìbọn bàbá mi ò gbó. Wọlé lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ."