Dírìlì Bàbá Mi àti Bátìrì Tó Sọnù

Bàbá mi kò ṣe káfíńtà rí. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n sì tún jẹ́ àgbẹ̀. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n fi oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àbúrò wọn, tí wọ́n wá jókòó sílé ní Igbó-Ọrà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Màmá mi tẹ́lẹ̀ ni pé ọkùnrin tí kò bá lọ sóko mọ́, inú ilé ni yóò ti máa wá iṣẹ́ ṣe.

Aago ara ògiri ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orí tábìlì ni aago náà ti ń gbé látọjọ́ tí wọ́n ti fi ta wọ́n lọ́rẹ, torí pé ìṣó kì í wọ ògiri ilé wa. Bí èèyàn bá kan ìṣó mọ́ ọn, ìṣó á tẹ̀, ògiri á sì máa wo èèyàn. Bàbá lọ yá dírìlì oníná lọ́wọ́ aládùúgbò kan. Wáyà rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Wọ́n tún lọ yá wáyà mìíràn mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe gun orí àga báyìí ni iná lọ. Wọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé dírìlì mọ́yà, wọ́n ń retí kí iná dé. Màmá ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé oúnjẹ fún wọn lórí àga níbẹ̀. Èmi kò sí nílé lọ́jọ́ náà o, ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́, Màmá mi sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì, Bàbá pè mí lórí fóònù. Ìbejì ni wá, ṣùgbọ́n èkejì mi ń gbé òkè òkun, Èrúwà ni èmi ti ń ṣe olùkọ́, ibẹ̀ kò sì jìnnà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹjọ́ ilé yẹn fi máa ń já sétí tèmi.

"Wọ́n ní dírìlì kan wà tí kì í lo wáyà," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà."

"Inú ara ẹ̀ ni iná ẹ̀ ń gbé, bíi ti tọ́ọ̀ṣì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bátìrì ló ń lò, ẹ óò máa ṣájì ẹ̀ bíi fóònù."

"Òun ni mo fẹ́."

A jọ lọ rà á ní Ìbàdàn. Obìnrin kan tó sanra dáadáa ló ni ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀. Ó kó oríṣi mẹ́ta sílẹ̀ níwájú wa, ó sì ní kí Bàbá má tíì wo dírìlì rárá.

"Bàbá, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn. Bátìrì ilé-iṣẹ́ kan, gbogbo irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn náà ló ń wọ̀: dírìlì, ayùn, fáànù, títí dórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sóko. Kò ní wọ ti ẹlòmíì. Bí ẹ bá ti fẹ́ ọ̀kan, ẹ ti fẹ́ gbogbo ẹbí ẹ̀ nìyẹn."

Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ ṣe ń yan ìbọn ni wọ́n ṣe yan dírìlì. Wọ́n gbé ti àkọ́kọ́, wọ́n na apá gbọọrọ, wọ́n di ojú kan, wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ igun ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó rí ọ̀yà nínú koríko. Ọkùnrin kan tó ń yẹ páìpù wò lápá ibẹ̀ rọra kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá ní èyí ń fa apá wálẹ̀. Wọ́n gbé èkejì, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kẹta, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Èyí mọ̀ mí." Obìnrin náà bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ bátìrì kan sí i. Bàbá ní kí ni àwọn fẹ́ fi bátìrì méjì ṣe.

Ilé Ògún ni ilé bàbá mi. Bí a ṣe dé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé e gbà, níbi tí àdá àti ìbọn wọn máa ń wà bí wọ́n bá fẹ́ bọ Ògún, wọ́n ta epo sí i lórí díẹ̀, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀. Màmá mi, ọmọ ilé lèmọ́mù, jẹ́ kí wọ́n parí àdúrà wọn. Lẹ́yìn náà ni Màmá mú àkísà, wọ́n nu epo náà kúrò.

"Ògún ti rí i," ni Màmá wí. "Kó má lọ fi epo ra kọ́tìnì mi."

Aago gun ògiri kí omi tó hó lórí iná. Gbogbo wa ni inú wa dùn. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, n kò ní rí nǹkan kan sọ.

Lẹ́yìn aago, ó kan dígí. Lẹ́yìn dígí, ó kan fìlà, ìyẹn fìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkọ́ tirẹ̀. Ó kan kàlẹ́ńdà, ó kan àdá, ó kan okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó kan ilé adìyẹ. Ìgbà tí mo bá wá sílé, àwọn ihò tuntun ni Bàbá á kọ́kọ́ mú mi yípo lọ wò, bí ìgbà tí wọ́n máa ń fi ebè iṣu hàn mí lóko. Ihò kan wà láàárín ògiri pálọ̀ tí kò gbé nǹkan kan dání. Mo bi wọ́n pé kí ni ti èyí.

"Mo ṣì ń ronú ohun tí màá fi síbẹ̀," ni Bàbá wí.

Màmá fara dà á. Eruku ń bọ́ sí omi mímu, wọ́n fara dà á. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni ọ̀rọ̀ àpótí. Àpótí onígi ni, ìyá wọn ló fún wọn nígbà tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ń kó àwọn aṣọ òkè wọn sí. Lọ́jọ́ kan tí Màmá lọ sọ́jà, Bàbá rò pé kí àwọn ṣe wọ́n lóore. Wọ́n fẹ́ de irin àgádágodo mọ́ ìdérí àpótí náà.

Nígbà tí Màmá dé, wọ́n bi Bàbá pé kí ni àgádágodo wà fún.

"Kí ẹrù rẹ lè wà láìséwu ni."

"Lọ́wọ́ ta ni? Èmi pẹ̀lú yín nìkan la wà nínú ilé yìí."

Wọ́n ṣí àpótí. Dírìlì ti gba inú ìdérí kọjá, ó sì ti wọ inú aṣọ tó wà ní kíká síbẹ̀. Bí Màmá ṣe ń tú aṣọ òkè náà, ihò kan náà ló ń yọ jáde ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, ó tò lọ bí ojú ajọ̀. Màmá kò pariwo. Wọ́n kan ká aṣọ padà, wọ́n sì bi Bàbá bóyá wọ́n á jẹ àmàlà tàbí iyán. Ẹni tó bá mọ Màmá mi dáadáa, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bátìrì ti di àwátì.

Bàbá wá abẹ́ ibùsùn, wọ́n wá inú ilé adìyẹ. Màmá ń bá wọn wá a pẹ̀lú ìtara, wọ́n tiẹ̀ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí oòrùn ti ń ràn.

"Ó lè jẹ́ eku ló gbé e," ni Màmá wí.

"Eku wo ló lè gbé ohun tó wúwo tóyẹn?"

"Ẹ̀gẹ́ ni eku ibí ń jẹ. Agbára kì í wọ́n wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Màmá pè mí. "Ọ̀dọ̀ mi ló wà," ni wọ́n wí kí n tó kí wọn tán. "Bí o bá sọ fún bàbá rẹ, á jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo bí ọ."

Wọn kò fẹ́ fi bátìrì náà sílẹ̀ nílé, torí ojú ọdẹ kì í pẹ́ rí nǹkan. Bí wọ́n bá ń jáde, inú báàgì wọn ló ń bá wọn lọ. Ó bá wọn lọ sí àsàlátù. Ó bá wọn dé ilé ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ ra iṣu ní Igangan, ọ̀nà gbọ̀n wọ́n, bátìrì já bọ́ láti inú báàgì. Ọlọ́kadà dúró, ó lọ he é, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì.

"Màmá, fóònù yín rèé," ló wí. "Irú èyí ò sí mọ́."

Màmá dúpẹ́, wọ́n ní ogún ìyá àwọn ni.

Kò pẹ́ tí Bàbá náà fi pè mí. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ti ọdẹ tó wà lórí ẹ̀gùn, tó ń dúró de ẹran. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá bátìrì mìíràn ní Ìbàdàn, kí n má sì jẹ́ kí ìyá mi gbọ́. Mo rà á fún wọn. Ta ni èmi tí n ó fi kọ̀ fún bàbá mi?

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Màmá dé láti ọjà, wọ́n bá ìkọ́ tuntun lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ajọ̀ wọn sì wà lórí rẹ̀ nigínnigín. Wọ́n dúró wò ó. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́ kan lórí àga, wọn kò gbójú sókè. Màmá lọ sẹ́yìnkùlé láti pè mí.

"Ihò tuntun ti wọ ilé mi."

"Irú ihò wo, Màmá?"

"Ihò ni mo wí. Ó rí roboto."

"Ṣé ẹ ti bi Bàbá?"

"Kí ni kí n bi wọ́n? Kí n ní báwo ni wọ́n ṣe lu ihò nígbà tí bátìrì wọn wà nínú báàgì mi?"

Kò ju bí ẹni mumi lọ tí Bàbá náà fi pè. Inú wọn ń dùn. "Ìyá rẹ ò bi mí," ni wọ́n wí. "Bó bá jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa bátìrì yẹn, ì bá ti bi mí. Ẹran tó bá dákẹ́ jù, ìtòsí ló wà."

Bí ilé ṣe rí nìyẹn fún ìgbà díẹ̀. Ihò ń pọ̀ sí i ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àwọn méjèèjì ń jẹun nínú abọ́ kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè la ẹnu. Wọ́n tiẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi ni mo ń gbọ́ ti ọ̀tún, tí mo ń gbọ́ ti òsì.

Ooru ọdún yẹn pọ̀. Mo ra fáànù kan fún wọn, ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe dírìlì Bàbá gan-an, èyí tó ń lo irú bátìrì kan náà. N kò ra bátìrì mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo ti múra láti sọ pé ó tán lọ́jà.

Mo gbé e dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin wá kí wọn láti Ìdèrè, ìyá àgbà tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ tuntun. Kò síná. Mo gbé fáànù sílẹ̀ láàárín pálọ̀, mo sì ní, "Irú bátìrì dírìlì Bàbá yẹn ló ń lò. Ó mà ṣe o, tí eku gbé e lọ."

Bàbá ń wo fáànù, Màmá ń wo fáànù, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Ìyá Ìdèrè ń fi etí ìró rẹ̀ fẹ́ ara.

"Òkú ni ẹ gbé síwájú mi yìí ni?" ni ìyá náà bi wá. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ooru yìí á pa mí sílé yín o."

Màmá dìde, wọ́n ní kí àwọn lọ wo ọbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, Bàbá náà dìde, wọ́n ní kí àwọn lọ tọ̀. Ìyá Ìdèrè wò mí, mo wo ilẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò gba ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo yọjú, Bàbá ń bọ̀ láti apá kan, Màmá ń bọ̀ láti apá kejì, wọ́n pàdé láàárín, oníkálukú ká ọwọ́ kan sẹ́yìn. Wọ́n dúró. Bàbá ló kọ́kọ́ mú bátìrì tiwọn jáde. Màmá wò ó, wọ́n rọra mú tiwọn náà jáde.

"Eku ti dá a padà," ni Màmá wí.

"Mo rí i," ni Bàbá dáhùn. "Ó sì bímọ sí i."

Ẹ̀rín mú Màmá débi tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ìyá Ìdèrè ń bi wá láti pálọ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀, nígbà tó sì gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tan fáànù ná kí òun tó dá ẹjọ́.

Ẹjọ́ náà kò le. Ó ní kí bátìrì kan máa jẹ́ ti fáànù, kí èkejì máa jẹ́ ti dírìlì, kí Bàbá má sì lu ohunkóhun tí Màmá kò bá kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ó yẹ aṣọ òkè náà wò, ó ní kí Bàbá ra òmíràn. Bàbá gbà. Ìyá náà wá ní ilé òun ní Ìdèrè kò ní ìkọ́ kọ́tìnì kankan, fèrèsé mélòó kan sì ti jábọ́.

"Ẹ mú wọn lọ, Màmá," ni ìyá mi wí kó tó parí ọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n pẹ́ lọ́dọ̀ yín dáadáa."

Bàbá gbéra lọ́jọ́ kejì. Mo bá wọn wá ọlọ́kadà, wọ́n gbé àpótí dírìlì lé itan, wọ́n tún agbádá ṣe bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè láàfin. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Bàbá fi ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ní ìgbẹ̀yìngbẹ́yín àwọn á rí ilé sinmi.

Èrúwà ni mo wà nígbà tí Màmá pè mí lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n bi mí nípa iṣẹ́, wọ́n bi mí nípa ọmọ.

"Pe bàbá rẹ," ni wọ́n wí. "Bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀. Fèrèsé kan ń mì nínú yàrá mi, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i."

"Ṣé kí n ní ẹ̀yin lẹ ní kí n pè?"

"Rárá o," ni Màmá wí. "Sọ pé ìwọ lo rí fèrèsé náà."