Ilẹ̀ Tí A Dà Sínú Ọ̀sà

Ẹ má wulẹ̀ wá àdúgbò wa nínú máàpù, ẹ ò ní rí i. Tí ẹ bá ti Yábàá bọ̀, tí ẹ ń lọ sọ́nà Ìdó, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀sà. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ òórùn ẹja yíyan àti pákó tútù pọ̀, ẹ ti dé. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní a kì í ṣe tàwọn. Èkejì ní orí omi la wà, àwọn kì í ṣe ìjọba ẹja.

Ká má parọ́, omi ni lóòótọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń kó ìyẹ̀fun pákó lọ́dọ̀ àwọn tó ń la gẹdú, wọ́n ń dà á sínú ọ̀sà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, títí omi fi gbà fún wọn. Ọdọọdún la ṣì ń dà kún un. Tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, a kì í kun ilé. Ìyẹ̀fun tuntun la máa ń dà síwájú ìta.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìjọba ń bọ̀. Tó bá ní ilẹ̀ ni, a dúró nìyẹn. Tó bá ní omi ni, ká palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìyá àgbà mi, tó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti bí gbogbo ọmọ wọn, ò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. A da ìyẹ̀fun tuntun bo gbogbo kòtò òpópónà, kò sẹ́ni tó rántí tẹ̀ ẹ́ kó ki.

Ọ̀gá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ náà dé, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ní, "Àdúgbò yín mọ́ o." Ó gbé èkejì, ó rì dé orúnkún. Yéè! Mo káwọ́ lérí. A ti fọwọ́ ara wa ṣera wa.

"Omi ni!" ló ń pariwo. "Omi ni!"

Ìyá àgbà sáré dì í lápá mú, ṣùgbọ́n wọn ò fà á jáde.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ṣì ń wọlẹ̀ lọ?"

Ó fẹsẹ̀ wá ìsàlẹ̀. "Rárá, mà. Ó le."

"Ẹ tún un tẹ̀ dáadáa."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kò mì.

"Ìyẹn lọkọ mi dà kó tó kú," ni ìyá àgbà wí. "Àná la da tòkè."

Ọ̀gá náà bọ́ bàtà ẹsẹ̀ tó wà lókè, ó fẹsẹ̀ méjèèjì dúró sínú kòtò náà, ó ní kí wọ́n gbé irinṣẹ́ òun wá, ibẹ̀ lòun ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀.