Ìpele Tí Mo Fi Ta Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́rẹ

Ọmọ mi máa ń bá àwọn tí kò fojú kàn rí ṣe géèmù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Jagunjagun wà níbẹ̀, onídán wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ṣẹ́gun iwin á bọ́ sí ìpele tó ga sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ń bí i pé àwọn tó ni géèmù náà ti dín agbára idán kù, pé gbogbo làálàá òun ti wọmi. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé eré lásán ni. Irọ́ ni mo pa fún un. Èmi náà ti dín agbára idán kù nínú eré rí, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò tíì tán lára mi.

Òkìtìpupa la wà nígbà náà, láàárín àwọn ọdún tó ṣáájú ọdún 2000. Ta ló ní kọ̀ǹpútà? Ìwé àjákọ ni tiwa. A ya igbó àti odò sínú rẹ̀, a kó iwin sí i, a yọ dáìsì nínú lúdò ilé wa, eré dé. Àwa mẹ́ta là ń ṣe é: èmi, ọmọ tíṣà ará Èkìtì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi ọdún méjì jù mí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sí nílé. Ìyá bàbá wa tó ń ṣe epo pupa ní Akotogbo ló ṣubú tó dá ẹsẹ̀, Bàbá sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ fún táàmù kan péré. Táàmù kan náà di ọdún méjì. Ẹni tó máa ń gbapò kìíní ní kíláàsì wá di ẹni tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láràárọ̀. Ìwé eré wa ló ń lọ bá a lọ́jọ́ ọjà, lọ́wọ́ àna wa kan tó ń wa bọ́ọ̀sì. Á ju dáìsì níbẹ̀, á kọ iye tó já, á kọ idán tó fẹ́ pa, á sì dá a padà. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò purọ́ rí. Bí ookan bá já, ookan náà ni yóò kọ.

Èmi ni mo ni òfin, èmi ni mo sì ń ṣírò ìpele oníkálukú sínú ìwé kejì tó ń gbé ọ̀dọ̀ mi, kí n tó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé eré. Jagunjagun ni èmi àti ọmọ tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mú onídán. Nígbà tí Ìyá wa gbọ́, wọ́n ní idán kankan kò ní wọ ilé táwọn ti ń gbàdúrà. A bá kọ "ọlọ́gbọ́n" sẹ́yìn ìwé, a sì ń pa idán wa lọ nínú rẹ̀.

Nílé wa, àbúrò kì í tọwọ́ bọ àwo kí ẹ̀gbọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹran tí àgbà kò bá tíì mú, má wò ó. Nígbà tí jagunjagun mi dé ìpele kẹrin, tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní ìkẹta, bírò dúró lọ́wọ́ mi. Ṣé èmi ni n óò fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo ti kọjá ẹ̀gbọ́n mi? Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní ìpele méjì, ó bọ́ sí ìkarùn-ún. Mo kọ "ti ẹ̀gbọ́n" wẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìwé kejì kí n má baà gbàgbé. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Nínú òfin wa, bí ìpele bá ṣe ga sí ni idán ṣe ń lágbára sí. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń nawọ́ ni, iwin á ti kú kí àwa tó yọ àdá. Ọmọ tíṣà ní eré ti bàjẹ́, òun ò ṣe mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ta ní í gba ohun tó ti fún àgbà padà? Mo fi ìpele sílẹ̀, mo kọjú sí idán. Mo gé agbára rẹ̀ sí ìdajì, mo sì jẹ́ kó máa rẹ ẹni tó bá pa á ní ìlọ́po méjì. Mo kọ ọ́ bí òfin gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ onídán kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Eré bá dọ́gba. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fẹ́ bá a, màá tún fi ìpele kan kún tirẹ̀. Mo ń yin ara mi pé mo gbọ́n. Ọgbọ́n burúkú!

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Ìyá àgbà san. Bàbá ní kí ẹ̀gbọ́n mi padà sílé ìwé, ọ̀gá ilé ìwé sì ní kíláàsì kẹta tó ti kúrò ló máa wọ̀. Kíláàsì kẹrin ni èmi ń lọ. Ẹ̀gbọ́n lábẹ́ àbúrò, nínú ọgbà kan náà! Bàbá ránṣẹ́ títí, ẹ̀gbọ́n mi ò fèsì. Ọjọ́ ọjà kan ni èsì dé, ó kọ ọ́ sábẹ́ iye dáìsì rẹ̀ nínú ìwé eré:

"Bí ọpọlọ mi bá ti kú, báwo ni mo ṣe wà níwájú ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ nínú eré yìí? Sọ fún Bàbá pé mò ń bọ̀. Màá jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké náà."

Inú mi dùn, lẹ́yìn náà mo rántí ìpele tí mo fi kún tirẹ̀. Mo jíṣẹ́ fún Bàbá, mo sì fi ọ̀rọ̀ ìpele pa mọ́. Bàbá lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi dé nígbà tí ìsinmi ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo lọ pọnmi. Nígbà tí mo dé, mo bá a lórí ẹní, ìwé kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí mo ń kọ ìpele gbogbo wa sí, tí kò dé Akotogbo rí. Ó bi mí pé kí ni "ti ẹ̀gbọ́n" yìí. Mo ṣàlàyé. Ó ní mélòó ni gbogbo rẹ̀. Mo ní mẹ́rin.

Ìpele keje ló rò pé òun wà. Ó yọ mẹ́rin kúrò. "Ìpele kẹta," ó ní. "Láti ọjọ́ tí o ti kọ́kọ́ fún mi, mi ò kúrò ní ìpele kẹta."

Mo ní ọ̀wọ̀ ni mo fi bù fún un.

"Ọ̀wọ̀ wo? Ṣé ẹran inú ọbẹ̀ ni?"

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó padà sí Akotogbo. Ó sọ fún Bàbá pé òun ò lọ sílé ìwé mọ́, pé iṣẹ́ epo ti mọ́ òun lára. Kò fẹjọ́ mi sùn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo jókòó ti ìwé eré fún ọjọ́ méjì. Gbogbo dáìsì tó jù wà níbẹ̀. Mo yọ ìpele tí mo fi ta á lọ́rẹ, mo dá agbára idán padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀, mo wá tún gbogbo eré náà ṣe láti ojú ewé kìíní. Ìpele kẹjọ ni ẹ̀gbọ́n mi já sí. Èmi wà ní ìkẹfà. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ mi ni, tí mi ò bù kún un, tí mi ò bù kúrò, òun fúnra rẹ̀ ni ì bá ṣíwájú gbogbo wa.

Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Òde-Ìrèlè, mo gun ọ̀kadà dé Akotogbo. Inú kòtò tí wọ́n ti ń tẹ ẹyìn ni mo bá a, epo mù ún dé orúnkún. Mo ṣí ìwé síwájú rẹ̀. Ó kà á, kò fo ojú ewé kan.

"Ta ló ṣírò rẹ̀?"

Mo ní èmi ni.

"Ìwọ náà lo ṣírò ti àkọ́kọ́." Ó pa ìwé náà dé. "Bí mo bá gba eléyìí gbọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o ò tún máa ṣàánú mi?"

Mo kúnlẹ̀ sínú ìháhá ẹyìn, mo bẹ̀ ẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà béèrè látìdí iná pé kí ló dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí nǹkan kan, pé iṣẹ́ ilé ìwé ni mo gbé wá. Ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹyìn. Mo sunkún délé.

Lọ́jọ́ Ajé, ilé ìwé wọlé. Pákó ló la kíláàsì wa àti kíláàsì kẹta láàárín. Mo gbọ́ nígbà tí tíṣà wọn ń pe orúkọ. Ó pe ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bọ́ sí orúkọ tó kàn.