Nóòtì Méjì fún Kíláàsì Kan

Níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ojú ìwé la fi ń mọ olùkọ́ tó mọṣẹ́, kì í ṣe ojú pátákó. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n yìn ọ́, ra bírò pupa, kí o sì mọ rúlà dì mú. Nóòtì ẹ̀kọ́, ìyẹn ìwé tí olùkọ́ máa ń kọ ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ sí, gbọ́dọ̀ ní ìlà pupa lápá òsì, ìlà pupa lápá ọ̀tún, àti ìlà méjì lábẹ́ àkọlé. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí òun gan-an kò mọ̀. Ìlà rẹ̀ gún régé ṣá, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń pè é jáde pé ká pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ilé-ìwé wa wà lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde láti Ìkọ̀lé lọ sápá Odò-Orò, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi gan-an jáde níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, ibẹ̀ náà ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Nígbà tí mo ṣí ìwé ìbéèrè lọ́jọ́ náà, sìtàtísítíìkì ló kún inú rẹ̀: ká ka iye nǹkan, ká tò ó sínú tébù, ká wá ya àwòrán róbótó tí a pín wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní páì ṣáàtì. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa rí. Mo jókòó, mo ń wo tébù, tébù náà ń wò mí. Odidi ọdún kan ni mo fi wà nílé lẹ́yìn ìyẹn, tí mò ń bó ẹ̀gẹ́ fún ìyá mi, kí n tó rí ìdánwò náà tún ṣe.

Nígbà tí wọ́n wá gbé mi padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo búra pé ọmọ kankan kò ní tọwọ́ mi jáde láìmọ sìtàtísítíìkì. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Ní ìparí ìsinmi gígùn ọdún tí mò ń sọ yìí, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo háyà ní Ìkọ̀lé, mo tẹ́ sikíìmù síwájú. Sikíìmù ni ìwé tó ń ti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Adó wá, tó ń sọ ohun tí a ó kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Áljíbrà láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkarùn-ún, jiọ́mẹ́tírì láti ìkẹfà dé ìkẹjọ, sìtàtísítíìkì láti ìkẹsàn-án dé ìkọkànlá. Ó dùn ún wò. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì lo táàmù kan lọ́dọ̀ wa rí.

Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ tiwa lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, koríko là ń gé, nítorí ó ti ga ju àwọn ọmọ kékeré lọ kí a tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì kíláàsì ṣì wà lóko, iṣu ni wọ́n ń wà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yóò ti Èkó àti òkè òkun dé, wọn yóò gbé aago ògiri méjì wá fún wa, bánà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn gbé aago wá yóò sì gùn ju gbọ̀ngàn lọ. Láti Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ìkíni káàbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìsinmi àárín táàmù. Ìkẹjọ, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀gá àgbà wa sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìkẹsàn-án, ọjọ́ ìlú. Ìkẹwàá, a ti ń to àga fún ìdánwò. Mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó kórìíra sìtàtísítíìkì. Ibi tí táàmù kì í dé ni wọ́n kàn fi í sí.

Mo pinnu láti dorí ètò náà kodò: sìtàtísítíìkì ṣáájú, áljíbrà tẹ̀ lé e, jiọ́mẹ́tírì gbẹ̀yìn. Bí jiọ́mẹ́tírì bá bọ́ sílẹ̀, ẹ̀bi ìkórè àti aago ògiri ni, kì í ṣe tèmi.

Igbákejì ọ̀gá wa ló máa ń fọwọ́ sí nóòtì gbogbo olùkọ́ láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Àgbàlagbà ni. Òun náà ni olùkọ́ ìṣirò wa nígbà tí mo wà nílé-ìwé yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ọmọ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Mo gbé ètò mi lọ bá a.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ fi sìtàtísítíìkì bẹ̀rẹ̀ ní táàmù yìí."

Ó wo ìwé, kò wò mí, ó fi ẹ̀ka èdè ìlú wa dáhùn. "Ọmọ mi, ùwé rẹ yì dára. Ùlà pupa apá ọ̀tún yì nìkan ni ò gún."

"Mo ti gbọ́, sà. Sìtàtísítíìkì ńkọ́?"

"Adó ló kọ sikíìmù. Àbí ùwọ lo kọ ọ́?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n a kì í dé ibẹ̀ kí táàmù tó parí."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló ní a kì í dé ibẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe uṣẹ́ yì. Kò sí ọdún tí sìtàtísítíìkì ò sí nínú nóòtì mi."

Òótọ́ ló sọ. Ó wà nínú nóòtì rẹ̀ lọ́dún tèmi náà, ìlà méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó dá mi lójú. Ó wù mí kí n sọ fún un pé inú nóòtì yẹn nìkan ló wà, pé ẹ̀gẹ́ ni mo bó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, mo jáde.

Bí mo ṣe di olùkọ́ oní-nóòtì-méjì nìyẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti igbákejì ọ̀gá: áljíbrà bí Adó ṣe pa á láṣẹ, ìlà pupa lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú gbogbo irọ́ tó máa ń wà nínú nóòtì, irú bíi "ohun èlò ìkọ́ni: káádíbọ́ọ̀dù aláràbarà", nílé-ìwé tí ṣọ́ọ̀kì gan-an ti ń wọ́n. Ìkejì, inú ìwé àjákù kan tí kò ní ìlà ni mo ń kọ ọ́ sí, òun sì ni mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín lórí ọ̀kadà bí a bá ti ń jáde ní Ìkọ̀lé. Mo ní àwọn ará ibí yìí kò tíì rí irú mi.

Kíláàsì tí mò ń sọ yìí ni àwọn tí ìdánwò àṣekágbá wọn ku ọdún kan. Bí a ṣe gé koríko tán ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo sáré kọ́ wọn ní tébù, mo kọ́ wọn bí a ṣe ń wá ìwọ̀n àárín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní kí a ka nǹkan tó wà lójú wa gan-an dípò ọsàn inú apẹ̀rẹ̀ tó wà nínú ìwé. Ogójì píríọ́dù ló wà lọ́sẹ̀. Mo ní kí mọnítọ̀ kíláàsì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní píríọ́dù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé títí di ọ̀sán Ẹtì. Ọmọbìnrin ni mọnítọ̀ náà, ọmọ àgbẹ̀ láti Odò-Orò, kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó.

Kí n má parọ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìkan ni mo ní lọ́kàn. Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí ara wọn lójú pátákó. A ní olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tí oko ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ mọ́ ju ọgbà ilé-ìwé lọ. A ní òmíràn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ojúṣe ọmọ ìlú rere, tó sì jẹ́ pé abẹ́ máńgòrò ló ti ń kọ́ wọn, mọnítọ̀ ni yóò wá gba nóòtì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ kọ sójú pátákó. Mo ń retí wọn.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ya páì náà. Dìgírì mẹ́sàn-án fún píríọ́dù kọ̀ọ̀kan, tí a bá pín òjìdínnírinwó sọ́nà ogójì. Píríọ́dù mẹ́rìnlá ni olùkọ́ fi kọ́ni. Mẹ́jọ lọ sí koríko, torí èyí tí a gé ní ọ̀sẹ̀ kìíní ti hù padà. Mẹ́fà bá àsémbìlì lọ, níbi tí ọ̀gá àgbà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìwúlò àkókò. Méjìlá tó kù, olùkọ́ kò wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ ń gba purotírátọ̀ kan ṣoṣo tí a ní láti fi wọn dìgírì lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń jiyàn lórí dìgírì, àwọn kíláàsì yòókù sì ń kọrin ìkíni káàbọ̀ ní gbọ̀ngàn. Inú mi dùn gan-an ni. Mo wo pátákó yẹn, mo ní ó tán, ìyà tó jẹ mí kò ní jẹ àwọn wọ̀nyí.

Ìgbà náà ni ìnsípẹ́tọ̀ láti Adó wọlé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, igbákejì ọ̀gá wa sì tẹ̀ lé e, nóòtì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìnsípẹ́tọ̀ gbà á, ó ṣí i, ó wo pátákó, ó tún padà wo nóòtì.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nóòtì yín ní áljíbrà. Kí lèyí?"

Kí n tó lanu, igbákejì ọ̀gá ti dáhùn. "Jiọ́mẹ́tírì ni, sà. Wọ́n ti ṣáájú sikíìmù díẹ̀ ni."

"Páì ṣáàtì ni, sà," ni ìnsípẹ́tọ̀ wí. "Èmi náà kọ́ ìṣirò." Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ta ló lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi?"

Mọnítọ̀ dìde. Ó ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò kọsẹ̀ níbì kan: ìdí tó fi jẹ́ dìgírì mẹ́sàn-án, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di púpọ̀, bí gbogbo rẹ̀ ṣe pé. Orí mi wú. Mo gbàgbé pé ọ̀ràn nóòtì wà lọ́rùn mi.

"Apá ńlá yìí ńkọ́?"

"Ibi tí olùkọ́ kò wọlé ni, sà."

Igbákejì ọ̀gá wúkọ́. Ìnsípẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín. "Olùkọ́ iṣẹ́ wo ló pọ̀ jù níbẹ̀?"

Ọmọ náà wò mí. Mo rò pé ó ń bẹ̀rù olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Mo na ọrùn, mo ní, "Sọ fún wọn. Òótọ́ ni kí o sọ."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ìṣirò ni, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ó kù díẹ̀ kí n pè é ní òpùrọ́. Mo bi í pé ìgbà wo, ó sì kà á jáde bí ẹni tó ń ka Bíbélì ní ìsìn àárọ̀: "Ọjọ́ Ajé, píríọ́dù kìíní àti ìkejì, olùkọ́ ìṣirò dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí igbákejì ọ̀gá lè bá wọn fọwọ́ sí nóòtì. Ọjọ́bọ̀, píríọ́dù kẹrin, wọ́n wà ní yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n ń fa ìlà."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Nóòtì tí mo mọ̀ pé irọ́ ni ni mo gbé tò fún píríọ́dù méjì, òun náà ni mo sì ń fa ìlà sí ní Ọjọ́bọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé ti wá síṣẹ́. Ìnsípẹ́tọ̀ béèrè iṣẹ́ àgbẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré, sà," ni ọmọ náà wí. Mo wá ibi tí mo máa fojú sí, mi ò rí.

Ìnsípẹ́tọ̀ kò fún mi ní kúèrì, ìyẹn ìwé pé kí n wá wí tẹnu mi. Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àbẹ̀wò pé nóòtì olùkọ́ ìṣirò mọ́ tónítóní. Inú igbákejì ọ̀gá dùn, ó ní mo ṣe òun lóore.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo gba ìwé lọ́wọ́ mọnítọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo ní kí ó kà, ṣùgbọ́n ó ti ń kà á láti ìgbà tí a ti gé koríko tán. Ìṣirò: ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan. Píríọ́dù mẹ́jọ! Jiọ́mẹ́tírì gbogbo táàmù, èyí tí mo ti fi sílẹ̀ fún ìkórè àti aago ògiri, ì bá gba inú mẹ́jọ yẹn kọjá. Ojú tì mí bí ojú kò ṣe tì mí rí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ẹ̀yin lẹ lọ, mà," ó ní. "Mo rò pé ẹ mọ̀."