Ọjọ́ Tí Wọ́n Tọrọ Àyè Lọ́wọ́ Òkè

Lórí WhatsApp ni ọmọ mi ti sọ fún mi pé òun ń lọ gun òkè yìnyín ní Nepal. Ẹ gbà mí! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ó ń lọ síbi tí èèyàn ti ń kú tí wọn kì í rí òkú ẹ̀ gbé wálé. Ó ní kí n gbàdúrà fún òun, mo kọ̀. Ní tiwa, ìyá tó bá ti gbàdúrà sí ìrìn àjò ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ará Nepal tá a jọ ń ṣe shift ní ọsibítù ní Crumpsall, ní Manchester níbí, ló pè mí wá sílé wọn ní Old Trafford. Àbúrò rẹ̀ ló ń kó ọmọ mi àtàwọn tí wọ́n jọ ń gun òkè lọ, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà sì fẹ́ súre fún wọn kí wọ́n tó gbéra. Mo lọ, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mo gbá báàgì mọ́ àyà, mo ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lábẹ́nú.

Wọ́n to bàtà àti àáké yìnyín wọn síwájú pẹpẹ. Àlùfáà ń kéwì lọ nínú èéfín ewé, ó ń fọ́n ìrẹsì sókè. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ló ń sọ.

"Ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ òkè ni. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí irin tí wọ́n máa fi gún un."

Ìyẹn yé mi, a kì í wọlé onílé láìkágò. Ni inú bá bí mi gidi. Òkè lásán-làsàn ni wọ́n ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀, èmi tí mo lóyún ọmọ tó ń lọ, fóònù ló fi sọ fún mi!

Nígbà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tán, àwọn ìyá ń fi aṣọ funfun ìsúre kọ́ ọmọ wọn lọ́rùn. Tèmi wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n ti bi yín. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ."

Ọ̀ràn rèé! Ohun tí mo ń wá gan-an ló gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé kò ní lọ lóòótọ́, kò sì ní bá mi jà láéláé. Ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù, pé èmi ni màá pa ohun tó wù ú.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. "Wàá lọ, wàá bọ̀. Ìwọ ni wàá sin mí, èmi kọ́ ni màá sin ọ́. Ní orúkọ Jésù."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, kò kúrò lórí ẹ̀.